Ọpọlọ Ìran Kẹta ní Ìsàlẹ̀ Dáàmù

Gbádéró fi òòlù ba ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó là sí méjì. Ìyùnadé ló kọ́kọ́ wọlé, ìbọn lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ ń fọ́ gíláàsì mọ́lẹ̀. Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àyà bí ìgbà tí èèyàn gbá ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi," ni télọ̀ náà ń wí. "Òun ló ń darí àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ wa. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi."

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń gbé tuntun bọ̀..."

Gbádéró kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi ìdí òòlù gún un lẹ́nu. Télọ̀ ṣubú sẹ́yìn, eyín àti ẹ̀jẹ̀ dà sí iwájú ẹ̀wù rẹ̀, síbẹ̀ kò tú ọwọ́ lára kọ̀ǹpútà náà. Ìyùnadé bẹ̀rẹ̀, ó fi aṣàyẹ̀wò kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ohun kékeré tí kò ju agolo ìpara lọ ni aṣàyẹ̀wò, gbogbo Ẹ̀ṣọ́ Ìran, àwọn tí Ìgbìmọ̀ tó ń darí ìlú ní kí wọ́n máa fọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ló so ó mọ́ ìbàdí. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú rẹ̀, ohùn tútù tí kò ní ìbínú, tí kò sì ní àánú.

"Ọpọlọ ìran kẹrin. Ètò àtijọ́. Kò sí àtìlẹ́yìn."

Ìyùnadé gbé ẹsẹ̀ lé ọrùn-ọwọ́ télọ̀ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ṣí. Gbádéró gbé òòlù sókè. Nígbà àkọ́kọ́, irin kọ̀ǹpútà tẹ̀ wọlé. Nígbà kejì, ọpọlọ dúdú tó wà láàárín rẹ̀, tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, fò jáde sórí sìmẹ́ǹtì. Gbádéró lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata gbígbẹ títí ó fi di ẹ̀tù. Ní yàrá ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ni obìnrin kan bá figbe ta.

Wọ́n jáde. Lára ògiri tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ohun tí gbogbo ọmọ ìlú Àpátagúnwà fi ń ṣeré lójú ọ̀nà ilé ìwé: ÌRAN KEJE SÓKÈ, KÓ MÁA BỌ̀. ÌRAN KẸFÀ SÍSÀLẸ̀, KÓ FỌ́.

Nínú ọkọ̀, Gbádéró ń fi àkísà nu orí òòlù. "Ó ku ẹyọ kan, ọ̀gá," ó wí. "Ẹyọ kan péré, ìlú á mọ́."

Ọkọ̀ ti dé ibi tí ọ̀nà òkè ti yí, níbi tí kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe é tí kò ní wo ìsàlẹ̀. Àdúgbò Òkè Ìṣà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òrùlé nìkan ló kù tó yọ láti inú ẹrẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ará Etídò, tó jẹ́ pé ìkógun ni wọ́n fi ń jẹun, rí ihò kan nínú Ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ilé búrẹ́dì kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé inú kọ̀ǹpútà dáàmù, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn omi ní ọ̀sán gangan. Bí ìlú ṣe ń sá fún omi ni wọ́n ń kó oúnjẹ inú àká lọ. Ilé ìwé Morádéun, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyùnadé bí, wà lábẹ́ ẹrẹ̀ yẹn. Àdùnọlá, ìyàwó Gbádéró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn ò tíì sin òkú tán nígbà tí àwọn méjèèjì wọ aṣọ Ẹ̀ṣọ́ Ìran. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n.

Rédíò àyà Ìyùnadé dún. Balógun Ṣówándé ni, olórí gbogbo Ẹ̀ṣọ́.

"Ìyùnadé. Èyí tó kù wà ní ilé ìwòsàn Ìsàlẹ̀ Dáàmù. O mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé kí n rán ẹlòmíràn?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ mi ni."

Abọ́sẹ̀dé ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ìyùnadé obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí omi ti dé, wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí ògiri dáàmù gan-an ni ilé ìwòsàn náà wà, lábẹ́ ilẹ̀kùn omi kejì tí àwọn ará Etídò kò ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ògiri yẹn ga débi pé oòrùn gbọ́dọ̀ kan àtàrí kó tó rí òrùlé ibẹ̀. Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì di ilẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun ju bí Ìyùnadé ṣe rántí rẹ̀ lọ.

"O ti jẹun?" ni ó béèrè.

"Àǹtí, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"O ti rù. Mo ní, o ti jẹun?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi. Ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín."

Gbádéró ló fọwọ́ kàn án. Ó fi èjìká gbún un, Abọ́sẹ̀dé sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Gbádéró ré e kọjá. Ìyùnadé rí i bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń gbìyànjú láti dìde, ó fẹ́ na ọwọ́ sí i, kò nà án. Ó wọlé.

Yàrá gbọọrọ ni. Àwọn aláìsàn sùn sí apá ọ̀tún àti apá òsì, àwọn tó la àpáta kọ́ ìlú yìí nígbà tí òkun lé àwọn èèyàn kúrò létí omi. Eruku òkúta ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ọ̀pá rọ́bà kan jáde nímú oníkálukú wọn, ó wọ inú ògiri, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe èémí fún wọn. Ní igun yàrá ni kọ̀ǹpútà tó ń darí èémí náà wà, ó sanra, àwọ̀ eérú ni, ó sì ń gbóná débi pé abẹ̀bẹ̀ irin tó ń fẹ́ ẹ ń hó bí ìkòkò. Òun ló mọ ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, òun ló ń fi kún un. Bó bá dákẹ́, gbogbo wọn á dákẹ́.

"Ẹ má yìnbọn níbí o," ni Abọ́sẹ̀dé wí láti ẹ̀yìn wọn, tó ń mí gúlegúle. "Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí máa gbaná. Gbogbo wa la máa jóná."

Ìyùnadé fi ìbọn kọ́ ẹ̀yìn. Ó fi aṣàyẹ̀wò kan kọ̀ǹpútà náà.

"Ọpọlọ ìran kẹta," ni ohùn náà wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ètò tuntun." Ó tún dákẹ́, èyí sì pẹ́. "Kò sí àtìlẹ́yìn."

Gbádéró wo aṣàyẹ̀wò náà. "Ó ti bàjẹ́. Ètò tuntun kì í wọ ìran kẹta."

"Kò bàjẹ́," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Èmi ni mo fi wọ̀ ọ́."

"Èèwọ̀ ni. Ikú ni ìjìyà rẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo wà nínú yàrá tí wọ́n ti kọ òfin náà." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìyùnadé, gbọ́ mi. Ọpọlọ láìsí Ètò, irin lásán ni, kò mọ ohun tó máa ṣe. Àmọ́ kí Ètò tuntun tó wọ inú ọpọlọ, ìbéèrè kan ló máa ń bi í: ìran wo ni ọ́? Bó bá ti gbọ́ ìran kẹta, á pẹ̀yìn dà. Kò ní dán an wò bóyá ó lágbára. Kò ní wo iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ nìkan ló ń béèrè. Mo yọ ìbéèrè yẹn kúrò, Ètò sì wọlé. Ó ń falẹ̀, ó ń gbóná, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ihò tí àwọn ará Etídò gbà wọlé, ó ti dí níbí."

"Ó ti dí?"

"Ó ti dí pátápátá. Ó sì lè dí nínú gbogbo èyí tí ẹ ti fọ́."

Òótọ́ ni pé Abọ́sẹ̀dé ti bá Ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́ rí. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Òun ni olórí yàrá ìdánwò, níbi tí wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà ìran dé ìran, tí wọ́n ń dán Ètò wò lára wọn kí wọ́n tó rán an jáde. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti yàrá náà pa. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ nípa ihò náà?" Ohùn Ìyùnadé ti yí padà.

"Ṣáájú omi."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ṣáájú omi, Ìyùnadé. Mo rán àbùlẹ̀ Ètò kan tó máa dí i. Fún ìran kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà. Mo fi í ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kò ní jáde. Wọ́n ní bí a bá ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́ àgbà, ta ló máa fẹ́ ọmọdé? Wọ́n ní kí ẹ̀rù ba àwọn èèyàn díẹ̀, kí wọ́n lè fi ìran keje pààrọ̀ àtijọ́. Wọ́n sì ti yàrá mi pa."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo wá. O ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Aṣọ wọn ti wà lọ́rùn rẹ."

Ìyùnadé ti ń bínú sí irin láti ìgbà ọyẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ tó ti fọ́, gbogbo ìka tó ti tẹ̀, Morádéun ló ń gbẹ̀san rẹ̀ lára wọn.

Gbádéró ló sọ̀rọ̀. Ó rọra sọ ọ́. "Ṣé ó le tó ti ìran keje?"

Abọ́sẹ̀dé wò ó. Ó lè parọ́, kò parọ́. "Rárá. Ìran keje ní àgádágodo tí wọ́n jó mọ́ inú ọpọlọ rẹ̀. Èyí kò ní. Mo fi ọwọ́ kọ òmíràn dípò rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó lè já a."

"Bó bá já ńkọ́?"

"Bó bá já, ibí yìí ni omi á kọ́kọ́ dé. Ibí ni mo ń sùn."

"Ìyàwó mi náà sùn lábẹ́ dáàmù," ni Gbádéró wí, ó sì gbé òòlù.

"Gbádéró, dúró!"

"Ọ̀gá, ẹ kúrò lọ́nà."

"Mo ní kí o dúró! Ká ní wọ́n jẹ́ kí àbùlẹ̀ yẹn jáde ni, Àdùnọlá ì bá wà láàyè!"

"Kò sí láàyè!" Igbe tó ké jí gbogbo àwọn tó ń tòògbé lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ọ̀rọ̀ lásán lẹ ń sọ fún mi! Kò sí láàyè, nǹkan yìí sì wà láàyè!"

Ó fi agbára sọ òòlù náà kalẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ti da ara rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà náà. Òòlù bà á ní èjìká, gbogbo yàrá gbọ́ bí egungun ṣe kán. Kò ké. Atẹ́gùn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé tìmùtìmù, ó sì fi ọwọ́ kejì di ẹ̀rọ mú pinpin. Gbádéró tún gbé òòlù. Ìyùnadé fò mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àwọn méjèèjì jọ wó lu bẹ́ẹ̀dì kan. Ọ̀pá rọ́bà já, afẹ́fẹ́ ń sú bí ejò. Bàbá arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà ya ẹnu, kò sí ohun tó wọ ibẹ̀. Gbádéró tóbi. Ó yí Ìyùnadé sábẹ́, ó fi orúnkún lé e láyà, ó sì fún un lọ́rùn. Ìyùnadé gé e lọ́wọ́ jẹ títí eyín rẹ̀ fi kan egungun, Gbádéró kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó tún gbá a, ojú Ìyùnadé ń ṣókùnkùn. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún bó ṣe ń fún un pa. Omijé rẹ̀ ń kán sí i lẹ́nu.

Aláìsàn kan, obìnrin tó rù bí igi ìdáná, na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ, ó fi ta Gbádéró ní ojú. Kò lágbára, àmọ́ Gbádéró gbé orí sẹ́yìn. Ọwọ́ Ìyùnadé tó ń ta lálẹ̀ bá sípánà tí wọ́n fi ń tú orí àgbá afẹ́fẹ́. Ó fi lù ú ní ẹ̀bátí. Ọwọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ dẹ̀. Ó tún lù ú. Gbádéró ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ràbàbà láti mú òòlù. Ó mú un. Ó ti ń fi orúnkún lọ sí igun yàrá, sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀jẹ̀ ń bo ojú rẹ̀. Ìyùnadé tẹ̀ lé e, ó sì lù ú ní ìpàkó, léraléra, títí kò fi gbé orí mọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ṣì ń hó.

Abọ́sẹ̀dé ti wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó náà, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbìyànjú láti fi ọ̀pá bọ ihò rẹ̀ padà. Nígbà tó bọ́ sí i, bàbá náà kò nílò rẹ̀ mọ́. Abọ́sẹ̀dé pa ojú rẹ̀ dé.

Rédíò dún. "Ìyùnadé. A ṣì ń rí ẹ̀rọ náà níbí, ó wà láàyè. Kí lẹ ń dúró dè?"

Ìyùnadé nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú àwọn bọ́tìnnì rédíò náà. Ọ̀kan wà tí Balógun nìkan ń gbọ́, ọ̀kan sì wà tí gbogbo Ẹ̀ṣọ́ ń gbọ́. Èyí tí gbogbo wọn ń gbọ́ ló tẹ̀.

"Èmi Ìyùnadé ni mo ń sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ìran kẹta kan wà níwájú mi tó gbé Ètò tuntun. Ihò tí omi gbà wọlé ti dí nínú rẹ̀. Àbùlẹ̀ tó lè dí ihò náà ti wà lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ kí Òkè Ìṣà tó rì. Wọn ò jẹ́ kó jáde. Mo ní wọn ò jẹ́ kó jáde! Balógun, ẹ sọ fún wa pé irọ́ ni."

Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń kọrin nínú rédíò. Lẹ́yìn náà, ohùn Balógun jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló sọ fún ọ?"

Kò sọ pé irọ́ ni. Gbogbo Ẹ̀ṣọ́ tó wà lórí òkè gbọ́ pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù," ni Balógun tún wí, "kí wọ́n lọ fọ́ ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n pa Ìyùnadé pẹ̀lú rẹ̀."

Ìyùnadé jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọrùn rẹ̀ ti wú, kò lè gbé itọ́ mì. Bí ọkọ̀ ṣe yọ lórí ọ̀nà, ó mọ ẹni tó jókòó síwájú: Lánipẹ̀kun, ọ̀gá ọkọ̀ kejì, tó pàdánù ìyá, bàbá àti àbúrò sí Òkè Ìṣà. Kò sí ẹni tó le tó o lára Ẹ̀ṣọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òòlù, àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n na ìbọn sí Ìyùnadé.

"Ọ̀gá. Gbádéró ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé. Èmi ni mo pa á."

Ẹnì kan bú u. Ìbọn kan ké kẹ́rẹ́, ó ti fẹ́ dún. Lánipẹ̀kun gbé ọwọ́ sókè.

"Ohun tí ẹ sọ lórí rédíò, ṣé òótọ́ ni?"

"Aṣàyẹ̀wò wà ní ìbàdí rẹ. Wọlé kí o wò ó." Ìyùnadé gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í jìnnà sí ara rẹ̀. "Àgádágodo rẹ̀ kò le tó ti tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi á sọ fún ọ, kì í parọ́. Bí o bá wò ó tán tó o ṣì fẹ́ fọ́ ọ, fọ́ ọ. Bó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ pa, mi ò ní sá."

Lánipẹ̀kun ré e kọjá pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ìyùnadé gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà dúró níbi tí òkú wà. Ó gbọ́ ohùn tútù náà: ìran kẹta, Ètò tuntun, kò sí àtìlẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó di ojú, ó ń retí kí irin ba irin.

Ó pẹ́. Àwọn tó na ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Nígbà tí Lánipẹ̀kun jáde, òòlù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù fún òógùn. "Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n bá òun di ọ̀pá bàbá mìíràn mú," ó wí, bí ẹni pé ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀. "Apá rẹ̀ ti kán. Ó ní bí mo bá tú u sílẹ̀, bàbá náà á kú." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo dì í mú. Mo gbọ́ tó ń mí."

"Ọ̀gá, kí la máa ṣe?" ni awakọ̀ béèrè.

"Yí ọkọ̀ padà."

"Sí ibo?"

"Ilé Ìgbìmọ̀."

Ìyùnadé dìde. "Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká gbé Gbádéró."

Wọ́n gbé e jáde nínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, Ìyùnadé di orí rẹ̀ mú, Lánipẹ̀kun di ẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìmú ọkọ̀, níbi tí gbogbo ìlú á ti rí i, wọ́n sì fi okùn dè é kó má baà yọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, ọkọ̀ Ẹ̀ṣọ́ mìíràn yọ láti àdúgbò òsì, ó bọ́ sẹ́yìn wọn. Òmíràn tún yọ. Lórí àyà gbogbo wọn, rédíò ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè, ó tún ń pè. Kò sí ẹni tó dáhùn.